Omi tí kò jẹ́ kí Màmá sùn: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ lórí àpótí àkúnwọ́sílẹ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀

Tánkì ẹja àti iyùn òkun kan ni, ó wà ní pálọ̀ ilé kan ní Parakin, Ilé-Ifẹ̀. Gíláàsì ni, 150 sẹ̀ǹtímítà ní gígùn, 50 ní fífẹ̀, 55 ní gíga. Bí ó bá kún dé etí, omi inú rẹ̀ á tó nǹkan bíi 410 lítà. Omi òkun àtọwọ́dá ni wọ́n ń lò: omi tí wọ́n ti sẹ́ dáadáa, tí wọ́n wá po iyọ̀ tí wọ́n ń rà láti Èkó mọ́, títí iyọ̀ inú rẹ̀ fi tó gíráàmù 35 nínú kílò omi kan. Iyùn alààyè wà níbẹ̀, ẹja clownfish 2 wà níbẹ̀, ìgbín òkun náà wà níbẹ̀ tó ń jẹ ewédò lára gíláàsì. Ẹni tó bá ń béèrè pé kí ni òkun ń wá ní Ifẹ̀, kó rántí pé Igbó Olókun wà nílùú náà, níbi tí àwọn baba ńlá ti yọ́ gíláàsì, tí wọ́n fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀, kí òyìnbó kankan tó débẹ̀.

Bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Pọ́ǹpù wà nínú tánkì ìsàlẹ̀, nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń ti omi sókè. Omi òkè á kún dé ibi àpótí àkúnwọ́sílẹ̀, èyí tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní overflow, á ré etí rẹ̀ kọjá, á gba páìpù padà sísàlẹ̀ níbi tí skimmer wà, ẹ̀rọ tó ń fi ìfófò yọ ìdọ̀tí kúrò nínú omi. Iye tí pọ́ǹpù bá gbé lọ ni páìpù gbọ́dọ̀ gbé bọ̀. Bí ó bá gbé dín, ilẹ̀ pálọ̀ ló máa gba ìyókù. Bí páìpù náà bá sì tóbi ju omi tó ń wọ inú rẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ ló máa wọlé dí àyè tó ṣẹ́kù. Omi àti afẹ́fẹ́ tó ń já bọ́ pọ̀ nínú páìpù kan, àwọn ló ń pariwo. Gbogbo ariwo tí mo bá pàdé nínú iṣẹ́ yìí, ọ̀dọ̀ afẹ́fẹ́ ló ti wá.

Ẹni tó kọ́kọ́ gbé tánkì náà kalẹ̀ kò dá ihò sí gíláàsì. Àpótí àfikọ́ ló lò, irú èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ sẹ́yìn tánkì, tí páìpù kan tó tẹ̀ bíi U tó dorí kodò ń fa omi láti inú gba orí gíláàsì kọjá síta. Ẹni tó bá ti fi rọ́bà fa epo nínú mọ́tò rí lásìkò ọ̀wọ́n epo mọ bó ṣe ń ṣe. Níwọ̀n ìgbà tí rọ́bà bá kún, epo á máa wá fúnra rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá fi lè gba àárín rẹ̀, ìfà ti já, àfi kéèyàn tún fi ẹnu fà á.

Níbi tí iná kì í ti í lọ, irú àpótí bẹ́ẹ̀ lè pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ní Ifẹ̀, NEPA lè mú iná lọ kí wọ́n mú un dé, kí wọ́n tún mú un lọ, kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbàkígbà tí pọ́ǹpù bá dúró tó sì tún gbéra, ìfófò kéékèèké á gòkè lọ kó ara wọn jọ sórí ìtẹ̀ páìpù náà. Bí omi bá ń sáré gba inú páìpù, á gbá wọn lọ. Bí omi bá ń rìn wọ́ọ́rọ́, wọn á jókòó síbẹ̀, wọn á máa pọ̀ sí i.

Omi inú páìpù tiwọn sì ń rìn wọ́ọ́rọ́, torí pé Ọ̀gá tó ni ilé ti ń wá ìdákẹ́jẹ́ kí wọ́n tó pè mí. Ó ti dín pọ́ǹpù kù, ó sì ti rọ kànrìnkàn bọ ẹnu páìpù tó ń sọ̀kalẹ̀. Ariwo náà rọlẹ̀ lóòótọ́, torí kànrìnkàn kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè wọlé bó ṣe fẹ́. Àmọ́ ìdọ̀tí àti oúnjẹ ẹja ń dí kànrìnkàn lójoojúmọ́, omi ń lọ́ra sí i, afẹ́fẹ́ ń kó jọ sókè níbi tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Ní òru kan, wọ́n mú iná dé, pọ́ǹpù gbéra, ìfà já. Omi ìsàlẹ̀ ń gòkè, kò sí èyí tó ń bọ̀. Kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ mu omi iyọ̀ títí ẹnu pọ́ǹpù fi gbẹ.

Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ àwa oníṣẹ́ la máa ń ya ọ̀rọ̀ ariwo sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ ìkún-omi, bíi pé ọ̀kan jẹ́ ti fàájì, èkejì jẹ́ ti ewu. Nínú ilé yìí, ohun tí wọ́n ṣe sí ariwo ló fa ìkún-omi.

Síbẹ̀, ìkún-omi yẹn kọ́ ni wọ́n torí rẹ̀ pè mí. Ọ̀gá ti gbà pé jàǹbá ni, ó ti sá kápẹ́ẹ̀tì, ó ti yọ kànrìnkàn kúrò. Màmá rẹ̀ ló ní kí wọ́n wá ẹnì kan wá. Yàrá Màmá fara ti pálọ̀, orí ibùsùn wọn sì wà lára ògiri tí ẹ̀gbẹ́ tánkì fara kàn. Láti ìgbà tí tánkì ti dé ni wọ́n ti ń rán àwọn ọmọ lóru pé kí wọ́n lọ wo ilé ìwẹ̀, bóyá ẹnì kan ló fi omi sílẹ̀ tó ń dà. Nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn, wọ́n ní, "Ọmọ mi, omi yín yìí, ṣé kì í sùn ni?"

Mo sọ fún Ọ̀gá pé àpótí àfikọ́ náà máa kúrò, a ó dá ihò sí gíláàsì, a ó sì fi àpótí mìíràn síbẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀.

Kí dírílì tó kan gíláàsì, mo ní láti mọ̀ bóyá wọ́n ti fi ooru sọ ọ́ di líle, èyí tí wọ́n ń pè ní tempered. Irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ kì í gba ihò. Bí dírílì bá kàn án, odindi rẹ̀ á fọ́ wẹ́wẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí mo fi ń dán an wò kò wọ́n. Mo gbé kọ̀ǹpútà àgbélétan tí ojú rẹ̀ funfun sẹ́yìn gíláàsì, mo mú awò òòrùn irú polarised, mo ń wò ó láti iwájú, mo sì ń yí awò náà díẹ̀díẹ̀ títí ojú kọ̀ǹpútà fi ṣú. Bí ó bá ṣú bákan náà látòkè délẹ̀, gíláàsì lásán ni. Bí ìlà tàbí àbàwọ́n bá yọ nínú òkùnkùn náà, wọ́n ti fi ooru le é. Ti ẹ̀yìn ṣú bákan náà. Ti ìsàlẹ̀ kún fún àbàwọ́n, nítorí náà kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìsàlẹ̀. Ẹnu dírílì oní-dáyámọ́ńdì la fi dá ihò sẹ́yìn, omi ń dà lé e, a kò tì í, a jẹ́ kó fi ìwúwo ara rẹ̀ ṣiṣẹ́. Àlàfo tó wà láàrin ihò àti etí gíláàsì kò gbọ́dọ̀ kéré sí fífẹ̀ ihò náà fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ páìpù. Àwọn tó ń sin iyùn ní ìlú òyìnbó ti fún oríṣi mẹ́ta lórúkọ. Durso ni páìpù kan ṣoṣo tó tẹ̀ lórí, tó ní ihò afẹ́fẹ́ kékeré kan. Herbie ní páìpù 2: ọ̀kan kún fọ́fọ́ fún omi, kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ rárá, fáàfù sì wà lára rẹ̀ tí a fi ń ṣẹ́ omi, èkejì gbẹ, ó ń dúró de ọjọ́ pàjáwìrì. BeanAnimal ní 3: èyí tó kún, èyí tó ń gba ìwọ̀nba omi tó bá ṣẹ́kù, àti èyí tó gbẹ. Bí àyè bá wà, páìpù 3 ni màá ṣe, mi ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ fèrèsé wà lẹ́yìn tánkì yìí, irin ààbò rẹ̀ sì yọ síta, àyè tó wà níbẹ̀ kò gbà ju páìpù 2 lọ. Herbie la ṣe.

Fáàfù náà fa ìrìn-àjò. Gate valve la ń wá, fáàfù tí a ń yí lọ́pọ̀ ìgbà kó tó pa dé, tó sì ṣeé fi wọn omi díẹ̀díẹ̀. Èyí tó kún ìsọ̀ àwọn oníplumbing ní Ifẹ̀, irin pupa onídẹ ni. Bàbà wà nínú idẹ, bàbà sì máa ń pa iyùn àti ìgbín, kódà bí èyí tó yọ́ sínú omi kò bá tó nǹkan. Bọ́ọ̀lù fáàfù oníke wà lọ́jà, ó sì pọ̀, àmọ́ yíyí ọwọ́ rẹ̀ ní ìdá mẹ́rin òbìírí ti mú un láti ṣíṣí dé pípadé, kò ṣeé fi ṣe ìwọ̀n kékeré. Gate valve oníke la nílò, Èkó ló ti wá.

Nígbà tí a kọ́kọ́ tan án, omi kọ̀, kò gba ojú páìpù tó yẹ kó gbà. Páìpù pàjáwìrì ló ń gbé gbogbo rẹ̀, tó ń ké gbùlù-gbùlù. Mo bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀. Púlọ́ńbà tó bá wa ṣe é ti ri ẹnu páìpù náà sínú omi tánkì ìsàlẹ̀ jìnnà, pẹ̀lú èrò pé bó bá ṣe jìn tó ni á ṣe dákẹ́ tó. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú páìpù ní láti ti omi yẹn kúrò lọ́nà kó tó lè jáde, agbára rẹ̀ kò ká a. Ó gé e, ó ku sẹ̀ǹtímítà 2 péré lábẹ́ omi. A tún tan án. Afẹ́fẹ́ tú jáde nísàlẹ̀ pẹ̀lú ariwo ńlá, ó tó ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà páìpù kún. Mo ń yí fáàfù díẹ̀, mò ń dúró, mò ń wo ojú omi inú àpótí, mò ń tún un yí. Nígbà tí ojú omi dúró sójú kan lókè ẹnu páìpù, ohun tó kù tí à ń gbọ́ ní pálọ̀ ni aago ògiri.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé nígbà tí iná bá lọ, omi òkè ń sàn sísàlẹ̀ títí ojú rẹ̀ á fi bá etí àpótí dọ́gba. Ojú omi ìsàlẹ̀ ń ga ní gbogbo àsìkò yẹn. Nítorí náà, ìgbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé gan-an ni ẹnu páìpù máa ń jìn jù lábẹ́ omi, ìgbà yẹn náà ló sì gbọ́dọ̀ lé afẹ́fẹ́ jáde. Ẹni tó bá wọn ẹnu páìpù nígbà tí pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́ nìkan kò tíì wọn ohun tó máa dán an wò. A pa iná lára pọ́ǹpù, a tan án, a tún pa á, a tún tan án, títí ó fi dá wa lójú pé yóò máa gbéra láìsí ọwọ́ ènìyàn. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ láàjìn, ètò tó bá nílò kí ẹnì kan jí wá ràn án lọ́wọ́ kò tíì parí.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo pa fáàfù náà dé pátápátá. Ọ̀gá ní, "Kí lẹ tún ń ṣe yẹn?" Mo ní kó máa wo páìpù kejì. Omi inú àpótí ga, ó wọ páìpù pàjáwìrì, páìpù náà ké, ó sì gbé gbogbo ohun tí pọ́ǹpù ń tì sókè. Ojú omi tánkì dúró ní sẹ̀ǹtímítà 2 sísàlẹ̀ etí gíláàsì, kò sì kúrò níbẹ̀. Mo la fáàfù padà sí ipò rẹ̀, mo fi máákà fa ìlà sí i lára.

Màmá sùn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Ọ̀gá pè mí pé Màmá ní omi ti padà sẹ́nu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo débẹ̀ lọ́sàn-án, tánkì dákẹ́. Mo tún débẹ̀, ó dákẹ́. Ọ̀gá gbà pé ariwo jẹ́n tó wà lẹ́yìnkùlé ni Màmá ń gbọ́. Màmá fúnra wọn ló já ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní, "Bí wọ́n bá ti tan jẹ́n ló ń bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá pa á, ó dákẹ́. Jẹ́n kọ́ ni mò ń gbọ́ o. Etí odò ni wọ́n bí mi sí, mo mọ ohùn omi."

Mo ní kí wọ́n yí ilé bọ́ sórí jẹ́n lójú mi. Láìpẹ́, ojú omi inú àpótí ga díẹ̀, ó kan ẹnu páìpù pàjáwìrì, ó ń ṣẹ́ wọ inú rẹ̀ ṣàràrà. Kò tíì burú. Lẹ́yìn náà ni fíríìjì ilé ìdáná gbéra. Ohùn jẹ́n wálẹ̀, ojú omi náà sọ̀kalẹ̀ títí ihò kan fi lu sójú omi lókè páìpù tó ń fà. Afẹ́fẹ́ wọlé: kùlù-kùlù-kùlù. Ìfà já. Àpótí tún kún, ìfà tún mú, fọ́ọ̀ọ̀, bí ìgbà tí wọ́n da omi sí ṣalángá òyìnbó gẹ́lẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí po bẹ́ẹ̀. Ohun tí Màmá ń rán àwọn ọmọ lọ wò nìyẹn.

Ọ̀gá ní kí a lọ ra stabiliser. Mo ní kó ní sùúrù. Stabiliser ń tọ́jú fóòtì, fóòtì kọ́ ló sì ń dà á láàmú. Pọ́ǹpù tó wà nínú omi yẹn, òòfà ló wà ní ikùn rẹ̀. Ìyípo iná ló ń bá yí. Iná NEPA ń yí nígbà 50 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn 50 hertz. Jẹ́n kékeré kì í dúró sójú kan: bí ẹrù orí rẹ̀ bá fúyẹ́ á sáré, bí ẹrù bá wúwo á fà sẹ́yìn. Mo ti mítà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo sì rí i tó ń lọ láti nǹkan bí 52 sí 48. Pọ́ǹpù ń tẹ̀ lé e lọ, ó ń tẹ̀ lé e bọ̀. Bí eré pọ́ǹpù bá yí padà ní ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún, agbára tó fi ń gbé omi ga á yí padà ní nǹkan bí ìlọ́po méjì ìyẹn. Fáàfù sì wà níbi tí mo fi í sí lábẹ́ iná NEPA. Ìwọ̀n kan péré ló mọ̀.

Ọ̀nà méjì ló wà. Páìpù kẹta á máa gba ìyàtọ̀ náà láìpariwo, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n irin fèrèsé kò yẹ̀. Ọ̀nà kejì ni kí omi fúnra rẹ̀ má yí padà mọ́: kí a gbé pọ́ǹpù DC sí i, irú èyí tó ní àpótí ìṣàkóso tirẹ̀. Irú pọ́ǹpù yẹn kò mọ̀ bóyá 48 ni tàbí 52, iná tó ti di DC ló ń jẹ, eré tí a bá fi sí i náà ló máa sá. Ó wọ́n gan-an ju ti àtijọ́ lọ, Ọ̀gá sì bá mi náà á bí ẹni wà ní Ọjà Tìtun. Níkẹyìn ó rà á. A tún fáàfù wọ̀n, a wá yí ilé láti NEPA sórí jẹ́n, láti orí jẹ́n sórí inverter, a sì ní kí wọ́n tan áyọ́ọ̀nù. Ojú omi kò mira. Màmá ní kí n jókòó jẹun.

Ọyẹ́ mú ẹ̀dùn kékeré kan wá. Omi ń gbẹ kíákíá lásìkò yẹn, tánkì ìsàlẹ̀ ló sì máa ń fà sẹ́yìn, torí ti òkè kì í kúrò lójú etí àpótí. Ẹnu páìpù yọ síta, omi ń já bọ́ sórí omi. A sún ẹnu páìpù náà lọ sí yàrá kìíní nínú tánkì ìsàlẹ̀, níbi tí gíláàsì ìpín ti ń dá omi dúró sí gíga kan náà yálà ó gbẹ tàbí kò gbẹ. Omi lásán la sì ń fi kún un, kì í ṣe omi iyọ̀, nítorí iyọ̀ kì í bá omi fò lọ.

Ìgbín ló kẹ́yìn. Ọ̀kan nínú wọn gun gíláàsì, ó gba àárín eyín àpótí, ìyẹn àwọn ẹ̀là kéékèèké etí rẹ̀ tí omi ń gbà wọlé, kọjá, ó sì kó sínú páìpù tó ń fà. Lóru ni. Páìpù pàjáwìrì bẹ̀rẹ̀ sí í ké, Màmá jí, wọ́n rán ọmọ, ọmọ náà sì rí i pé omi ga ju ibi tó máa ń wà lọ. Wọ́n pa pọ́ǹpù, wọ́n pè mí láàárọ̀. Ẹ̀kán omi kan kò kan ilẹ̀. Mo yọ ìgbín náà láàyè, mo sì ta àwọ̀n oníke sí ojú eyín àpótí.

Lẹ́yìn ìyẹn, Ọ̀gá béèrè bóyá mo lè pa páìpù pàjáwìrì náà lẹ́nu mọ́, kí òun náà má máa ké bẹ́ẹ̀. Mo kọ̀ jálẹ̀. Mo mọ àwọn oníṣẹ́ tí wọ́n ń tẹ orí rẹ̀, tí wọ́n ń fi ihò afẹ́fẹ́ sí i kó lè gba omi jẹ́jẹ́. Lójú tèmi, bí ẹ bá ti ní páìpù 2 péré, ẹ fi ẹnu ìkejì sílẹ̀ gbayawu. Òun ni aago ilé náà, bí ó bá ké, ó ní ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ń fẹ́ kí gbogbo páìpù dákẹ́, kó wá àyè fún ìkẹta.

Fún ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní agbègbè wa: iná tó burú jù nínú ilé ni kí ẹ fi wọn fáàfù, kì í ṣe èyí tó dára jù. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n lórí NEPA, ẹ yí i bọ́ sórí jẹ́n kí ẹ tó kó irinṣẹ́ yín, kí ẹ sì jẹ́ kí fíríìjì gbéra lójú yín. Ẹ pa fáàfù dé, kí oníbàárà fi ojú ara rẹ̀ rí i pé páìpù kejì gbé gbogbo rẹ̀. Kí omi tó wà ní yàrá pọ́ǹpù má pọ̀ ju ohun tí àyè òkè lè gbà lọ, kó jẹ́ pé bí gbogbo páìpù bá tiẹ̀ dí, ẹnu pọ́ǹpù á gbẹ kí omi tó dé etí gíláàsì. Ẹ máa yí fáàfù lọ yí i bọ̀ lóṣooṣù, nítorí iyọ̀ máa ń lẹ̀ ẹ́ pa, kí ẹ sì dá a padà sójú ìlà máákà. Bí ẹnikẹ́ni bá pe èmi fún iṣẹ́ tuntun báyìí, kí n tó wo ibi tó fẹ́ gbé tánkì sí, mo máa ń ní kó mú mi lọ sẹ́yìnkùlé kí n rí jẹ́n rẹ̀, owó pọ́ǹpù DC sì ti wà nínú iye tí màá bù fún un láti ọjọ́ náà.